Ẹkún Tó Pẹ́ Kó Tó Dé: Bí Àwa Obìnrin Onígbàgbọ́ Ṣe Lè Dúró Ti Ara Wa

Nígbà tí màámi kú, èmi ni mo pe àwọn ẹbí lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn tí wọ́n kà nínú ìsìn ìsìnkú. Èmi ni mo ń rẹ àwọn àbúrò mi lẹ́kún. Àwọn èèyàn ń sọ pé, "Ẹ wo bó ṣe ṣe ọkàn akin, Ọlọ́run ló fún un lágbára." Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn nígbà náà.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ṣí Bíbélì wọn láti wá ẹsẹ kan tí mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ fún ẹgbẹ́ obìnrin. Bébà pélébé kan jábọ́ nínú rẹ̀. Orúkọ àwa ọmọ ni wọ́n tò síbẹ̀, pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń gbàdúrà fún lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Níwájú orúkọ tèmi, wọ́n kọ ọ́ pé: "Kó lè máa sinmi." Mo sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo sunkún lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí pé bóyá orí mi ló fẹ́ dàrú.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ obìnrin ló wá bá mi lọ́jọ́ yẹn. Kò bi mí pé, "Lẹ́yìn ọdún márùn-ún?" Ó fa àga súnmọ́ mi, ó ní, "Sọ fún mi bí ọjọ́ tí Màmá kú ṣe rí. Bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀." Gbogbo ayé ló ti bi mí nípa ètò ìsìnkú, kò sẹ́ni tó bi mí nípa àárọ̀ ọjọ́ náà rí.

Láti ìgbà náà, èmi náà ti jókòó ti àwọn obìnrin mìíràn tí ẹkún wọn pẹ́ kó tó dé. Orí àga méjèèjì ni mo ti kọ́ ohun tí mo ń kọ yìí: àga ẹni tó ń sunkún àti àga ẹni tó ń gbọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ kìíní. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rẹ́ yín ni, ẹ lè kọ́kọ́ lọ sí ìkarùn-ún, ṣùgbọ́n ẹ padà wá ka ìyókù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tó ń ṣe yín

Ẹkún tó pẹ́ kì í sábà wọlé pẹ̀lú omi lójú. Ó lè kọ́kọ́ jẹ́ ìbínú lórí ohun tí kò tó nǹkan, tàbí oorun tó dá lójú, tàbí ara ríro tí dókítà yẹ̀ wò títí tí kò rí ìdí rẹ̀, tàbí àdúrà tó gbẹ mọ́ni lẹ́nu. Obìnrin kan á lọ síbi ìsìnkú ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, á sì sunkún ju àwọn ọmọ olóògbé lọ. Òmíràn á ṣàkíyèsí pé láti ìgbà tí òun ti pé iye ọdún tí bàbá òun fi kú ni ohun gbogbo ti sú òun. Ohun tó ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ pọ̀: ikú ẹlòmíràn, ìgbéyàwó ọmọ tí ìyá àgbà kò sí níbẹ̀, kíkó kúrò nínú ilé àtijọ́, ìfẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́, orin kan nínú ìsìn, tàbí ìkọ̀wé ẹni tó ti lọ bíi ti màámi.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń kọ́kọ́ rò pé ogun ẹ̀mí ni, tàbí pé ìgbàgbọ́ wa ti jó rẹ̀yìn. N kò ní sọ pé kí ẹ má gbàdúrà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ láti lé ohun kan jáde, ẹ bi ara yín bóyá òkú kan wà tí ẹ kò tíì sunkún rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 1942, iná jó ilé ìgbafẹ́ alẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Cocoanut Grove nílùú Boston ní Amẹ́ríkà, èèyàn 492 sì kú. Oníṣègùn ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Erich Lindemann wà lára àwọn tó tọ́jú àwọn tó yè àti ẹbí àwọn tó kú. Nínú ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1944, ó ṣàlàyé pé bí ikú bá bá èèyàn nígbà tí iṣẹ́ ńlá wà lọ́rùn rẹ̀, tó sì tún ní láti máa ki àwọn ẹlòmíràn láyà, ó ṣeé ṣe kí onítọ̀hún má fi ìbànújẹ́ kankan hàn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tàbí kó tilẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí, àfi bíi pé ó wà nínú yàrá wa lọ́jọ́ tí mo ń pe ẹbí lórí fóònù.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ fi kún un, torí kí a má baà fi ẹkún tipátipá bọ ẹnikẹ́ni lójú. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí kò sunkún ló ní ọ̀fọ̀ tó fara sin. Ìwádìí àwọn onímọ̀ bíi George Bonanno ti fi hàn pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fara da ikú ẹni wọn láìwó lulẹ̀, tí kò sì sí nǹkan kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la. Bí ọkàn arábìnrin yín bá balẹ̀, ẹ jẹ́ kó balẹ̀. Ẹni tí ẹkún rẹ̀ ti dé fúnra rẹ̀ ni à ń bá sọ̀rọ̀ níbí.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé onígbàgbọ́ kì í sunkún ohun àtijọ́, ẹ rántí Jósẹ́fù. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí wọ́n tà á. Nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀ ní Íjíbítì, ó sọ ọ́ ní Mánásè, ó ní Ọlọ́run ti mú kí òun gbàgbé gbogbo làálàá òun àti gbogbo ilé bàbá òun. Ó gbàgbé débi pé ó fi ìgbàgbé sọ ọmọ lórúkọ! Síbẹ̀ nígbà tí àwọn arákùnrin rẹ̀ dé wá ra ọkà, ó yẹra fún wọn, ó sunkún. Ó tún sá wọ yàrá lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó sunkún. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ké débi pé àwọn ará Íjíbítì gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ nínú Jẹ́nẹ́sísì, ó ti lé ní 20 ọdún tí wọ́n ti tà á.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wá ohun tó dá a dúró

Ẹ mú bébà kan. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí ẹ kọ síbẹ̀, kí ẹ sì dáhùn wọn láìwá ọ̀rọ̀ dídùn.

Ta ló wà lọ́rùn mi nígbà náà?

Kí ni wọ́n sọ fún mi tó mú kí n gbé ẹkún mì?

Kí ni n kò lè sọ jáde nípa ẹni tó kú náà?

Ìbéèrè kẹta ló máa ń ṣòro jù. Obìnrin tí ìyá rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀, tàbí tí ọkọ rẹ̀ hùwà ìkà sí i kó tó kú, kì í mọ ẹkún tí òun ń sun. Ó ń sun ohun tó pàdánù, ó sì tún ń sun ohun tí kò ní rí. Àdàlù ìfẹ́ àti ìbínú ni, ó sì máa ń ti ọ̀fọ̀ mọ́lé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀fọ̀ mìíràn tún wà tí kò sẹ́ni tó wá kíni fún: oyún tó wálẹ̀, ọmọ tí a bí tí kò ké, ọkọ tí a ti kọ̀ sílẹ̀ kó tó kú. Ní ọdún 1989, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Kenneth Doka ṣàlàyé irú ọ̀fọ̀ báyìí, ìyẹn ọ̀fọ̀ tí àwùjọ kò fúnni ní ẹ̀tọ́ láti ṣe. Bí ẹ kò bá rí ẹni bá yín dárò lọ́jọ́ náà, kò yà mí lẹ́nu pé ẹkún yín ń wá ibi tí yóò gbà jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yan èèyàn méjì, kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́

Nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 11, ọmọbìnrin Jẹ́fútà tọrọ oṣù méjì, kó lè lọ sórí òkè lọ sunkún, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin. Kò kó gbogbo ìlú lọ. Àwọn tó lè bá a gun òkè ló mú.

Ìdí tí mo fi sọ pé méjì ni pé ọ̀kan lè rin ìrìn-àjò, ó lè rẹ ọ̀kan, ó sì lè jẹ́ pé ohun tí ẹ kò ní lè sọ fún ojúgbà yín ni ẹ máa lè sọ fún àgbà. Èmi ní ọ̀rẹ́ mi yẹn tó jẹ́ ojúgbà mi, mo sì ní ìyá àgbàlagbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì nínú ìjọ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ wọ́n? Ẹ má wo ẹni tó mọ Bíbélì jù tàbí ẹni tó lè gbàdúrà jù. Ẹ wo ẹni tí ẹ ti sọ̀rọ̀ kékeré kan fún rí, tí ọ̀rọ̀ náà kò padà wá bá yín láti ẹnu ẹlòmíràn. Ẹ wo ẹni tó lè jókòó kí ibẹ̀ dákẹ́ láìjẹ́ pé ara rẹ̀ ń yá a láti sọ̀rọ̀. Ẹ wo ẹni tí òun náà ti sunkún rí níṣojú yín.

Ẹ sì yẹra fún ẹni tó máa ń sọ àṣírí di kókó àdúrà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dọ́kàn. Mo ti jókòó níbi ìpàdé kan tí wọ́n ti ní kí a gbé arábìnrin wa kan sókè nínú àdúrà, tí wọ́n sì to gbogbo ohun tó sọ nínú yàrá sílẹ̀ níwájú wa. Ó wà níbẹ̀. Ó gbé orí sílẹ̀ títí a fi ṣe àmín. Kò wá sí ìpàdé náà mọ́. Bí ẹ bá jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ obìnrin, mo bẹ̀ yín, ẹ fi í ṣe òfin pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹlòmíràn nínú àdúrà gbangba láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ gan-an

Àwọn ọ̀rẹ́ wa kò mọ ohun tó wà nínú wa. Bí a bá kàn ní "inú mi kò dùn," wọ́n á fún wa ní ẹsẹ Bíbélì kan, wọ́n á sì lọ. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ó rọrùn ju kí ẹ sọ ọ́ lójúkojú lọ. Èyí ni mo kọ sí ọ̀rẹ́ mi nígbà tí mo fẹ́ kó tún wá:

"Ọ̀rẹ́ mi, ikú màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn mí ni. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. Mo fẹ́ kí o fún mi ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ yìí. Gbọ́ mi ni mo fẹ́ kí o gbọ́ mi, má wá ojútùú, má sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Sí Mọ́mì, mo kọ ọ́ pé:

"Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wá jókòó tì yín fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ màámi tó ti kú ni. Ìmọ̀ràn kọ́ ni mo ń wá bọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, mo kàn fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi, mà."

Ẹ rí i pé mo dá àkókò, mo sọ ohun tí mo fẹ́, mo sì sọ ohun tí n kò fẹ́. Kò sí ìwà àfojúdi nínú rẹ̀. Bí ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ kọ̀wé sí kò bá dáhùn dáadáa, ẹ kọ sí ẹnì kejì. Ó lè jẹ́ pé ẹrù tirẹ̀ ló wúwo lọ́jọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Fún ọ̀rẹ́ tí wọ́n pè

Ẹ̀yin ni iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ yín jù, ẹ̀yin ni màá sì bá sọ̀rọ̀ pẹ́.

Ẹ pa fóònù. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ má dojú kọ ọ́ bí adájọ́. Ẹ gbé aṣọ ìnujú sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé, ṣùgbọ́n ẹ má sáré nà án sí i gẹ́rẹ́ tí omi bá ti yọ lójú rẹ̀, torí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbọ́ nínú ìyẹn ni pé, "Ó tó." Ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹkún kì í fọ́ ojú.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó sọ bí ọjọ́ náà ṣe rí láti àárọ̀. Ẹ má bi í pé, "Kí ló pa wọ́n?" Ìbéèrè dókítà nìyẹn. Ẹ bi í pé: Níbo lo wà nígbà tí wọ́n sọ fún ọ? Ta ló pè ọ́? Aṣọ wo lo wọ̀? Kí ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún ọ kẹ́yìn? Àwọn nǹkan kéékèèké yìí ni ọ̀fọ̀ so mọ́. Ọ̀rẹ́ mi bi mí pé kí ni mo ń fi ọwọ́ mi ṣe nígbà tí fóònù dún, mo sì rántí pé aṣọ ni mo ń ká. Ọdún márùn-ún ni n kò fi fẹ́ràn aṣọ kíká mọ́, tí n kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ dárúkọ ẹni tó kú. Ẹ̀rù máa ń bà wá pé bí a bá dárúkọ rẹ̀, a ó rán an létí. Kò gbàgbé. Ohun tó ń dùn ún ni pé kò sẹ́ni tó ń dárúkọ náà mọ́. Bó bá ní fọ́tò, ìwé, tàbí aṣọ olóògbé, ẹ ní kó mú un jáde. Nígbà tí Dọ́káàsì kú, àwọn opó yí Pétérù ká, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń fi ẹ̀wù àti aṣọ tó dá fún wọn hàn án. Pétérù kò ní kí wọ́n kó aṣọ wọlé.

Bó bá tún ìtàn kan náà sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó máa ń fi ohun kan kún un nígbà kẹta tí kò sí nínú ti àkọ́kọ́.

Wàyí o, ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ sọ. "Ó mà ti pẹ́ o." Ẹ gbé e mì. "Wọ́n ti wà níbi ìsinmi, kí lo wá ń sunkún sí?" "Ṣe ọkàn gírí, àwọn ọmọ ń wò ọ́." Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló dá ẹkún rẹ̀ dúró lọ́jọ́sí. "Tèmi gan-an nígbà tí bàbá mi kú..." Ẹ fi tiyín sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń tọ́ka sí Tẹsalóníkà kìíní orí 4 ẹsẹ 13 láti fi dá ẹkún lẹ́kun. Ẹ tún un kà. Pọ́ọ̀lù kò ní kí a má banújẹ́. Ó ní kí a má banújẹ́ bí àwọn tí kò ní ìrètí. Jésù fúnra rẹ̀ ti sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé òun ń lọ jí Lásárù, síbẹ̀ nígbà tó dé ibẹ̀ tó rí i tí Màríà ń sunkún, òun náà sunkún. Mímọ̀ tó mọ ohun tí òun fẹ́ ṣe kò gbẹ omi ojú rẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jókòó tì í lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ méje àti òru méje láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Iṣẹ́ wọn dára títí di ìgbà tí wọ́n la ẹnu tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn.

Ó tún lè sọ ọ̀rọ̀ tó máa bà yín lẹ́rù. Ó lè ní, "Ọlọ́run kò ṣe mí dáadáa." Ẹ má sáré gbèjà Ọlọ́run. Náómì pàdánù ọkọ àti ọmọkùnrin méjì ní Móábù, ìgbà tó padà dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni Bíbélì tó jẹ́ ká gbọ́ ẹkún rẹ̀ ní kíkún. Àwọn obìnrin ìlú bi í pé, "Náómì nìyí?" Ó ní kí wọ́n má pe òun ní Náómì mọ́, Márà ni kí wọ́n máa pe òun, torí Olódùmarè ti hùwà kíkorò sí òun. Bíbélì kò kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn bá a wí. Àwọn obìnrin àdúgbò yẹn náà ni a tún rí nínú ìwé Rúùtù orí 4, tí wọ́n ń bá a yọ̀, tí wọ́n sì sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Óbédì. Láàárín orí kìíní sí ìkẹrin, ohun tí Náómì sọ kò lé wọn sá.

Bí ẹ kò bá mọ ohun tí ẹ máa sọ, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "N kò mọ ohun tí mo lè sọ, ṣùgbọ́n mo wà níbí." Ìyẹn tó.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè ná

"Ṣé o fẹ́ ká gbàdúrà báyìí, àbí ká fi í sílẹ̀ di ọ̀la?" Bó bá ní rárá, ẹ má jẹ́ kó rò pé ó ṣẹ̀ yín. Ẹ lè gbàdúrà nílé.

Bó bá gbà, kí àdúrà náà kúrú. Ẹ má sì fi àdúrà gbé ìmọ̀ràn tí ẹ ti kó mọ́ra láti àárọ̀ jáde. Ẹ mọ irú àdúrà tí mò ń wí: "Olúwa, jẹ́ kó mọ̀ pé ó ní ọmọ tó ń tọ́jú, jẹ́ kó gbàgbé ohun ẹ̀yìn..." Ìwàásù nìyẹn, ojú tí a dì kò sọ ọ́ di àdúrà. Sáàmù ló dára jù níbí. Sáàmù 13 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Yóò ti pẹ́ tó, Olúwa?" Sáàmù 88 ń sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, inú òkùnkùn ló sì parí sí, láìsí orin ìyìn ní ìsàlẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, torí ó fi hàn mí pé irú àdúrà bẹ́ẹ̀ náà ní àyè nínú Ìwé Mímọ́. Ẹ kà á pọ̀ ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dákẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe nígbà náà

Ohun kan sábà máa ń wà tí ẹni náà kò ráyè ṣe: kò dágbére, kò rí ojú òkú, kò tọrọ àforíjì, kò sọ pé "o ṣeun." Ọ̀pọ̀ àwọn olùgbaninímọ̀ràn máa ń ní kí èèyàn kọ lẹ́tà sí olóògbé. Mo mọ̀ pé ọkàn àwọn arábìnrin kan kò gba èyí, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ bá òkú sọ̀rọ̀. N kò bá wọn jà. Ẹ kọ lẹ́tà náà sí Ọlọ́run, kí ẹ sọ ohun gbogbo tí ẹ fẹ́ kó mọ̀ nípa ẹni náà fún un. Tèmi bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Olúwa, ìyá mi mọ̀ pé n kì í sinmi, n kò sì mọ̀ pé wọ́n mọ̀."

Kí ẹni tó kọ ọ́ kà á sókè níwájú àwọn méjì tó yàn. Kíkà á sókè ni gbogbo iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà, ó lè pa á mọ́ tàbí kó sun ún níná, ọwọ́ rẹ̀ ló kù sí.

Ní ti ìdáríjì, ẹ má ti ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ẹnu sọ pé bàbá òun lù òun kò tíì dé ibi tí yóò ti dárí jì í. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ fi ọjọ́ sínú fóònù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ béèrè ọjọ́ mẹ́ta: ọjọ́ tí olóògbé kú, ọjọ́ ìbí rẹ̀, àti ọjọ́ kan tí ẹni náà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ó máa ń dùn òun. Ẹ fi wọ́n sínú kàlẹ́ńdà fóònù yín kó máa dún lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó: "Mo rántí Màmá lónìí." Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rántí ní ọdún kìíní. Ọdún kẹfà ló máa ń dá wà.

Ẹ tún ṣètò ohun tí kò kan ikú rárá. Àwọn onímọ̀ méjì tó ń ṣèwádìí nípa ọ̀fọ̀, Margaret Stroebe àti Henk Schut, ṣàlàyé ní ọdún 1999 pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ máa ń lọ, á sì tún máa bọ̀: lónìí ó dojú kọ ohun tó pàdánù, lọ́la ó dojú kọ ìgbé ayé tó kù, ó sì nílò méjèèjì. Nítorí náà, bí ẹ bá sunkún lọ́jọ́ Ajé, tí ẹ sì rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́bọ̀, ẹ kò da ẹnikẹ́ni. Ẹ rìn káàkiri pọ̀, ẹ kọ́ orin tuntun fún ìsìn pọ̀. Nígbà tí mo padà sínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹ̀rí ọkàn mi kọ́kọ́ ń dá mi lẹ́bi. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Màmá kọ́ ló gbàdúrà pé kó o lè sinmi ni?"

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ju ọ̀rẹ́ lọ

Níbí, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ wé. Ọ̀rẹ́ kì í ṣe dókítà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ọ̀fọ̀ tí kò dẹwọ́ mọ́ àìsàn tó ní ìtọ́jú: ẹdùn tó le, tó ń bá a lọ fún oṣù 6 ó kéré tán, tí kò jẹ́ kí èèyàn lè ṣiṣẹ́, kó tọ́jú ara rẹ̀ tàbí kó bá èèyàn ṣe. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi í sínú ìwé ìlànà wọn ní ọdún 2022, oṣù 12 ni wọ́n sì fi sí fún àgbàlagbà. Èyí kò túmọ̀ sí pé ẹni tó bá sunkún lẹ́yìn ọdún kan ń ṣàìsàn. Ẹni tí ọ̀fọ̀ gba gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, tàbí tí kò jẹun, tí kò sùn, tó ń fi ọtí tàbí oògùn pa ìrora, ẹ bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà. Mo ní kí ẹ bá a lọ, kì í ṣe kí ẹ rán an.

Bó bá sọ pé òun fẹ́ lọ bá ẹni tó kú, tàbí pé ayé ti sú òun, ẹ bi í ní tààràtà bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Bíbéèrè kò ní fi èrò náà sí i lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá ní kí ẹ búra pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ má búra. Ibí nìkan ni mo ti ní kí ẹ tú àṣírí.

Fún ẹni tó ń gbọ́

Nígbà tí apá Mósè rọ, èèyàn méjì ló gbé e ró, Áárónì ní ẹ̀gbẹ́ kan, Húrì ní ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n sì gbé òkúta sábẹ́ rẹ̀ kó lè jókòó. Ẹ̀yin méjì tí ọ̀rẹ́ yín yàn, ẹ pín ọ̀sẹ̀ láàárín ara yín. Ẹ jẹ́ kó mọ àkókò tí ẹ lè gbé fóònù àti àkókò tí ẹ kò lè gbé e. Bí ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́ bá wúwo lọ́kàn yín, ẹnì kejì yín ni kí ẹ sọ ọ́ fún, kì í ṣe àwọn ará ìta.

Ẹ sì múra sílẹ̀, torí ẹkún máa ń pe ẹkún. Ọjọ́ tí mo ka lẹ́tà mi tán, Mọ́mì kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Èmi náà bí ọmọbìnrin kan tí kò ké." Ó ti lé ní 40 ọdún. Wọn kò jẹ́ kí Mọ́mì gbé e, wọn kò sọ ọ́ lórúkọ, kò sì sí ẹni tó bá wọn sọ ọ́ mọ́ láti ìgbà náà. Ọ̀rẹ́ mi wò mí, èmi náà wò ó.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a jọ lọ sílé wọn. Wọ́n jókòó sáàárín wa. Mo pa fóònù mi, mo sì di ọwọ́ wọn mú.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ sọ fún wa bí ọjọ́ náà ṣe rí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀, mà."